Ìpẹtà kọ́, ìdọ̀tí kọ́: kí ni ká pe bàbà tó lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn?

Láti Kubwa, Àbújá

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ohun tí a ó máa pe bàbà tí ọta ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá ráífù, àti ohun tí a ó máa pe oògùn olífófó tí wọ́n fi ń kó o kúrò. Ẹnìkan dá "ìpẹtà bàbà" lábàá. Ẹlòmíràn ní "ìdọ̀tí bàbà" ti tó, ká má da ara wa láàmú. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, kì í sì í ṣe nítorí gírámà. Orúkọ tí a bá sọ nǹkan yìí ni ẹni tó gbé ìbọn sórí tábìlì yóò fi mọ ohun tí yóò nawọ́ mú. Ẹ ní ìpẹtà ni, yóò wá kẹrosíìnì àti sánpépà. Ẹ ní ìdọ̀tí ni, yóò po omi ọṣẹ. Kẹrosíìnì ń tú òróró, kò rí bàbà gbé ṣe. Omi ọṣẹ náà kò rí i gbé ṣe. Sánpépà nìkan ni yóò ríṣẹ́ ṣe, àmọ́ ilà inú ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ṣakabùlà àwọn baba wa kò ní ilà nínú, kò sì mọ bàbà. Òjé tàbí irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kì sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọdẹ fi ní ẹ̀tù, tó ní ọ̀pá ìkìbọn, tí kò sì ní orúkọ fún ohun tí à ń sọ yìí. Ọta ráífù ní tirẹ̀, òjé ni inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ ẹ̀wù fún un. Ẹ̀wù náà sábà máa ń jẹ́ bàbà bí ìdá 95 nínú 100, síǹkì ni ìyókù. Àwọn mìíràn ń lo 90 sí 10. Inú ọ̀pá sì ní ilà tó ń lọ́ yípo láti ẹ̀yìn dé ẹnu. Ibi tó jìn ni mo fẹ́ ká máa pè ní poro, ibi tó yọ sókè ni ebè, bí a ti ń pè é lóko. Ọta sanra díẹ̀ ju àlàfo àárín ebè kan sí èyí tó dojú kọ ọ́ lọ. Tí ẹ̀tù bá tì í, ebè á wọ ẹ̀wù rẹ̀ lára, á gbá a mú, á máa yí i lọ. Níbi ìgbámú yẹn, nínú ooru yẹn, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ṣẹ́kù sára irin.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ láti ẹnu ìbọn. Ẹ ó rí i tó pupa rúsúrúsú lórí ebè, ó ń dán bí owó bàbà àtijọ́. Kò jẹrà, kò sì bó. Irin tó dípẹtà ti di nǹkan mìíràn. Èyí kò di nǹkan mìíràn, ipò ló ṣí. Àbá mi ni àlẹ̀mọ́ bàbà.

Ìdọ̀tí tún ní àléébù kejì. Ìdọ̀tí ni ohun tí a kò fẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá tí a fọ̀ títí kò fi sí bàbà kankan nínú rẹ̀ mọ́ lè ju ọta méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ sí ibòmíràn, kó tó padà sí ojú ibi tó ti ń bà tẹ́lẹ̀. Àlẹ̀mọ́ díẹ̀ máa ń dí ojú ihò wẹ́wẹ́ tí irinṣẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀pá náà. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà: poro á máa kún, ọta kò ní í dọ́gba mọ́, ibi tí a kọjú sí kò ní í jẹ́ ibi tí ó bà.

Ẹnìkan ti ṣàwàdà pé ní Àbújá níbí, ẹni tó bá gbọ́ "àlẹ̀mọ́ bàbà" á rò pé ọkà bàbà tó jó mọ́ ìdí ìkòkò ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bí mi nínú. Bí tùwó ti í lẹ̀ mọ́ ìkòkò gan-an ló rí.

Ó wá ku oògùn náà. Wọ́n ní "ọṣẹ ìbọn". Ọṣẹ ń gbé nǹkan kúrò lára nǹkan. Èyí ń yọ́ ọ ni. Amóníà, tàbí ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ló ń sọ bàbà di omi. Nítorí náà mo kọ ọ́ ní ayọ́bàbà, kí ẹ ṣàkíyèsí àmì òkè lórí "yọ́". Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà bá a mu.

A ó rí i dájú pé kò sí kátíríìjì (ọta pẹ̀lú ẹ̀tù nínú ìkarahun rẹ̀) nínú ilé ọta, ìyẹn ihò ẹ̀yìn ọ̀pá tí kátíríìjì ń wọ̀, a ó yọ bóòtì, irin tó ń ti ẹ̀yìn ilé ọta. Àkísà méjì mẹ́ta tí a fi oògùn tó ń mú èédú kúrò rin ni yóò ṣáájú, torí èédú ẹ̀tù ló bo bàbà lórí, ìfófó kò sì lè yọ́ ohun tí kò kàn. A ó gbé ìbọn kalẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí oògùn má baà ṣàn padà sínú ẹ̀rọ tí ìka ń fà. Igi ìdí ìbọn ńkọ́? Kí a fi aṣọ bò ó, oògùn yìí lè bó fáníṣì. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá agolo wá ni a ó kì bọ ilé ọta, a ó tẹ orí agolo fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Bí ìfófó funfun bá ti yọjú lẹ́nu ìbọn, ó tó, yóò ṣì wú sí i fúnra rẹ̀. Ká fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, bí agolo bá ti wí. Nígbà ọyẹ́, ká yẹ̀ ẹ́ wò kí àkókò tó pé, nítorí ìfófó tó ti gbẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ká sì bo ẹnu ìbọn, kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ oògùn tútù, kí àkísà má lọ fi eruku náà ha irin.

Lẹ́yìn náà, àkísà òwú lórí ọ̀pá ìnubọn, láti ẹ̀yìn lọ sí ẹnu. Ká jẹ́ kó jábọ́ kí a tó fa ọ̀pá padà. Etí ẹnu ìbọn ni ọta ń fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Ọ̀pá tó bá ń ha ibẹ̀ ba ìbọn jẹ́ ju bàbà lọ. Ohun tó wọlé ní funfun á jáde ní àwọ̀ aró. Ẹni tó bá ti dúró létí kòtò aró Kofar Mata ní Kánò mọ àwọ̀ tí mò ń wí. Aró yẹn ni bàbà tó ti yọ́. A ó tún fi ìfófó sí i, títí àkísà yóò fi máa jáde láìní aró.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí orí ọ̀pá ìnubọn bá jẹ́ idẹ, tàbí tí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ní bàbà nínú, oògùn á yọ́ ìyẹn náà, aró kò sì ní í tán láéláé. Aró èké ni mo pè é. Búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà àti orí ọ̀pá tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ló ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí aró bá tán, àkísà gbígbẹ méjì, lẹ́yìn náà òróró fẹ́ẹ́rẹ́. Ká sì nu òróró náà kúrò kí a tó yìnbọn.

Èsì láti Kàdúná

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa, ẹ kú àlàyé. Mo gba àlẹ̀mọ́, mo gba aró èké. Ṣùgbọ́n ẹ má lé "ìpẹtà" jáde nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kátíríìjì àtijọ́ kan wà, pàápàá oníwọ̀n mílímítà 7.62 láti ìlà oòrùn Yúróòpù, tí ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù wọn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Iyọ̀ yẹn ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nígbà òjò ọ̀pá lè dípẹtà láàárín ọjọ́ kan. Omi gbígbóná ló ń yọ́ iyọ̀, kì í ṣe amóníà. Ẹni tó bá fi ayọ́bàbà nìkan ṣe é, tó rí i pé aró ti tán, tó sì gbé ìbọn kọ́, yóò bá ìpẹtà gidi níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló wà, kí wọ́n ní orúkọ mẹ́ta: èédú, àlẹ̀mọ́, ìpẹtà.

Ẹ tún gbàgbé ìbọn tó ń fi èéfín ẹ̀tù ṣiṣẹ́. Ní Kàdúná wa yìí, níbi tí DICON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, ti wà láti 1964, ìbọn NR1 tí wọ́n ṣe lórí àwòṣe FN FAL ti Bẹ́ljíọ̀mù àti OBJ-006 tó jẹ́ ti ìdílé AK ní ihò kan lórí ọ̀pá tí èéfín ń gbà kọjá. Ìfófó tó ń wú á gba ibẹ̀ wọ inú páìpù èéfín. Kí a má ṣe yí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ padà kí ihò náà wá wà nísàlẹ̀, kí a sì tú páìpù náà nù lẹ́yìn iṣẹ́. Kírómù tí wọ́n fi tẹ́ inú ọ̀pá ọ̀pọ̀ AK tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí àlẹ̀mọ́ kéré.

Ní ti "ayọ́bàbà", ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? "Ayọbàbà" ni wọn yóò kọ, ìtumọ̀ á yí padà sí "amú-un-kúrò". Mo dá "ajẹbàbà" lábàá. Hausa ò fọ̀rọ̀ bàbà ṣeré, "jan ƙarfe" ni wọ́n ń pè é, irin pupa. Ẹ̀yin tó bá sì fẹ́ "ajẹrin-pupa", ọwọ́ yín ló kù sí.

Láti Kubwa

Ọ̀gá wa ní Kàdúná, mo gba ti iyọ̀ àti ti páìpù èéfín láìjiyàn. Ajẹbàbà ni n kò gbà. Bí kò bá sí àmì lórí "ayọbàbà", a kàn máa kà á sí ohun tó ń mú bàbà kúrò, kò sì ní í pa ẹnikẹ́ni lára. Bí kò bá sí àmì lórí "ajẹbàbà", ẹnìkan yóò kà á sí àjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a nílò "jẹ" fún ohun mìíràn: oògùn tó le lórí amóníà, tí a bá gbàgbé sínú ọ̀pá kọjá àkókò tí agolo wí, lè jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí oògùn máa yọ́ bàbà, ká fi jíjẹ sílẹ̀ fún ìbàjẹ́.

Poro àti ebè kò tíì rí ẹni dá wọn lóhùn.