Àwọ̀làágùn: orúkọ fún aṣọ tí ọkùnrin ń wọ̀ lọ gbé irin

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ nìyí. Ilé ìdárayá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí tí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wọ aṣọ tó yẹ yín." Bàbá kan wọ bùbá àti kẹ̀ǹbẹ̀ wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fi okùn fa irin, apá bùbá bá okùn lọ, ó ya láti ọrùn ọwọ́ dé abíyá. Nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé kò ka pátákó ni, ó ní òun kà á, aṣọ náà sì yẹ òun. Èmi ni télọ̀ tí wọ́n gbé bùbá náà wá fún. Ibi tí mo ti ń to etí aṣọ tó ya pọ̀ lábẹ́ máṣìn ni ìbéèrè náà ti sọ sí mi lọ́kàn, tí mo fi gbé e wá síbí: kí ni Yorùbá yóò máa pe aṣọ tí àwọn onílé yẹn ní lọ́kàn?

Èsì mẹ́ta ló wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìpéru ní "aṣọ ìdárayá" ni, ọ̀rọ̀ parí. Àǹtí wa ní Ṣàgámù ní ká má da ara wa láàmú, "aṣọ jíìmù" làwọn ọmọ ń pè é, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Àbúrò wa láti Òde-Rẹ́mọ, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé irin, mú "aṣọ ìgbérin" wá. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba bàbá oníbùbá sílẹ̀, nítorí kò jẹ̀bi. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í dúró níwájú dígí, kó yí ẹ̀yìn padà, kó bi mí pé, "Ṣé ó yẹ mí?" Ohun tó ń béèrè ni pé ṣé ó gún, ṣé ó bá ìdúró òun mu, ṣé ẹwà òun yọ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ìbéèrè yẹn bi mí bóyá òfin gbà á. Ìgbà tí "yẹ" bá dá dúró, tí a ní "ó yẹ ká lọ", "ohun tó yẹ ni ká ṣe", ìgbà yẹn ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ìlànà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé aṣọ là ń sọ, tí a wá fi èèyàn tì í lẹ́yìn, tó di "yẹ mí", "yẹ ọ́", "yẹ yín", ẹni tó wọ̀ ọ́ ti di adájọ́ nìyẹn. "Yín" kan ṣoṣo, tí akọ̀wé pátákó fi bọ̀wọ̀ fún àwọn oníbàárà, ló sọ òfin di ìyìn. Bàbá ka ohun tí wọ́n kọ, ó sì ṣe é.

Ó kan "ìdárayá". N kò ní ọ̀rọ̀ náà kò dára. Èmi náà ti pe ibẹ̀ ní ilé ìdárayá lókè yìí. "Eré ìdárayá" ti mọ́ wa létí lórí rédíò, àgàgà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò àjọ̀dún eré ìdárayá ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n "eré" ló ń dì í mú síbẹ̀. Ẹ yọ "eré" kúrò, kẹ́ ẹ fi "aṣọ" rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí ìtumọ̀ máa gbà lọ. Onílù a máa ní kẹ́ ẹ dárayá. Ẹni tó túra ká lóde àríyá, a ní ó dárayá. Mo dán an wò. Mo sọ fún oníbàárà mi kan, obìnrin tó ti dàgbà, pé wọ́n ní kí n rán aṣọ ìdárayá. Iléyá ò jìnnà mọ́ nígbà náà, gbogbo regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti ń pín aṣọ Ojúde Ọba. Ó bi mí pé, "Ẹgbẹ́ wo ló mú un?" Aṣọ ẹgbẹ́ ló gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ní Ìjẹ̀bú ni pátákó yìí máa dúró, ohun tí etí Ìjẹ̀bú máa gbọ́ ló yẹ ká wò.

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ọ̀tá mi. Máṣìn, télọ̀, ṣọ́ọ̀bù, mo kọ gbogbo wọn láì wojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ibi tí jíìmù ti wá. Ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, gymnos, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìhòhò. Àwọn ọkùnrin Gíríìkì ìgbàanì máa ń bọ́ra sílẹ̀ pátápátá láti sáré àti láti jìjàkadì. Wọn a fi òróró ra ara. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọn a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha òróró, òógùn àti eruku kúrò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n fi ìhòhò sọ lórúkọ. Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ kọ́ ló ń darí ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí, n kò sì ní torí ìyẹn ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú jíìmù. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ orúkọ náà. Wọn ò wo ògiri, wọn ò wo irin. Ara ènìyàn ni wọ́n wò, ohun tó wà lára àti ohun tí kò sí lára. Ọ̀nà yẹn ló wù mí ká gbà.

Àbúrò mi, tìrẹ ló sún mọ́ ọn jù, nítorí iṣẹ́ ni ìwọ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lórí ẹ̀rọ tí kì í kúrò lójú kan ńkọ́? Ẹni tó ń nara lórí ẹní, ẹni tó ń fo okùn, kí ni aṣọ tiwọn yóò máa jẹ́? O tún ní bẹ́líìtì aláwọ tó nípọn tí ẹ ń dì mọ́ ìbàdí kẹ́ ẹ tó gbé èyí tó wúwo kò lórúkọ lédè wa. Ó ní o. Àmùrè ni. Bẹ́líìtì ń di ṣòkòtò mú kó má bọ́. Àmùrè ni ọkùnrin ń dì mọ́ra nígbà tó bá fẹ́ kojú ohun tó lágbára, Bíbélì Yorùbá pàápàá ò pè é ní nǹkan mìíràn. Mú un lọ, kí o sì máa pè é bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ti ń gbé irin.

Tèmi wá rèé: àwọ̀làágùn.

A ti ní àwọ̀tẹ́lẹ̀, a ti ní àwọ̀lékè, a ti ní àwọ̀sùn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà jáde: "à" níwájú, "wọ̀" tẹ̀ lé e, ohun tí a ń fi wíwọ̀ náà ṣe sì kẹ́yìn. Èyí tí a wọ̀ sábẹ́, èyí tí a wọ̀ lé òmíràn lórí, èyí tí a wọ̀ tí a fi sùn. Bí a bá ti ní àwọ̀sùn, n kò rí ohun tó dí àwọ̀làágùn lọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ àtakò méjì lẹ́nu àwọn ará ilé mi, mo sì fẹ́ dáhùn kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ó lè dún bí ẹni pé àwọ̀ ara ló làágùn. Òótọ́ ni pé ohùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rí tó rò pé wọ́n tẹ́ àwọ̀ ara èèyàn sílẹ̀? Ìlò ló ń yà wọ́n. Èkejì le jù ú lọ. Ìyàwó mi ló sọ ọ́: a kì í ha fi agbádá làágùn nínú oòrùn Ojúde Ọba, ṣé agbádá náà di àwọ̀làágùn ni? Mo rò ó mọ́jú. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó fi kóòtù sùn lórí àga kò sọ kóòtù di àwọ̀sùn. Ohun tí a ní lọ́kàn kí a tó wọ̀ ọ́ ni orúkọ ń tẹ̀ lé. Òógùn inú agbádá kàn bá ni lójijì ni; ti àwọ̀làágùn, òun gan-an la wá wá.

Àwọn àgbà mọ irú aṣọ yìí dáadáa. Ṣòkòtò tó ń ṣiṣẹ́ àrán, oko ló ń gbé, wọ́n ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wá rán agbádá lọ́dọ̀ mi a máa fi oṣù méjì sí mẹ́ta làágùn kí ikùn lè wọlé kí Ojúde Ọba tó dé. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ṣiṣẹ́ agbádá yẹn, nínú báàgì ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó yẹ òun.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọjà kò ní gba ọ̀rọ̀ tuntun, kó rántí bọ́síkọ̀rọ̀. Ẹni tó ra aṣọ tí wọ́n tò sílẹ̀ bọ́ sí kọ̀rọ̀ láti wọ̀ ọ́ wò, ohun tó ṣe ló di orúkọ aṣọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá ìyá kan tó ń ta á ní ọjà Òkè-Ajé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tí ọkùnrin fi ń làágùn. Wọn ò bi mí ohun tí mò ń sọ. Wọ́n fa jẹ́sì pupa kan yọ nínú òkìtì, wọ́n fa síńgílẹ́ẹ̀tì òwú kan yọ tẹ̀ lé e, wọ́n fi eyín já etí omi inú ọ̀rá, wọ́n kán díẹ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí òwú, omi náà wọlé, ojú ibẹ̀ ṣú bí àpá. Lórí jẹ́sì, ó tàn ká, ó fẹ́lẹ́. Nígbà tí a fi ná an tán, ó ti ń gbẹ. Ìyá ní, "Bọ̀dá, èyí ń mu ún, èyí ń lé e."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn dára ju ohunkóhun tí èmi lè kọ lọ. Òwú a máa gba omi tó 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ lásán. Polyester tí wọ́n fi ń ṣe jẹ́sì kì í gbà ju nǹkan bí 0.4 lọ. Nígbà tí òógùn bá wá dà, òwú á mu ún, á wúwo, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, á sì máa ha abíyá àti orí ọmú. Òógùn tó bá gbẹ kúrò ló ń mú ara tutù. Èyí tí aṣọ mu sínú kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ òwú. Ẹni tó bá ń gbé irin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ fáànù lè wọ̀ ọ́, ara a sì fẹ́ràn rẹ̀. Òórùn pàápàá tètè ń kúrò lára òwú nígbà tí a bá fọ̀ ọ́. Ti polyester kì í tètè lọ, nítorí òróró ara máa ń dì mọ́ ọn. Ẹ má ká a sínú báàgì mọ́jú.

Fọ́nrán aṣọ tó ń fà bíi rọ́bà, spandex, tí Joseph Shivers ṣe nílé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958, ni wọ́n ń pò mọ́ aṣọ tó ń fún mọ́ itan. Mo fẹ́ ká pe ìyẹn ní afúnmọ́ra. Ó dára fún itan tó ń ha ara wọn, ó sì ń gbé ohun ọkùnrin ró ju bọ́kísà tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi níkà lé e. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin ń bá wa lò ibẹ̀, ìtìjú sì ṣì wà nílẹ̀ wa. Níkà náà kó mọ lókè orúnkún. Jíǹsì ò dára rárá, kò láyè láàárín itan. Ẹ lóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa ya fàà. Àyè àárín itan yìí ni kẹ̀ǹbẹ̀ fi jù ú lọ, èmi tí mò ń rán an ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀ tó fẹ̀ lè kọ́ irin. Ti bàtà, kò gùn: kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú fún ẹrù tó wúwo, èyí tó rọ̀ lẹ́sẹ̀ fún eré sísá.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ nìyí: "Ẹ̀yin ọkùnrin, àwọ̀làágùn ni kẹ́ ẹ wọ̀ wọlé: jẹ́sì tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì tí apá rẹ̀ kò fẹ̀, àti níkà. Ẹ má wọ afúnmọ́ra láì fi níkà lé e. Ẹ má wọ bùbá, agbádá tàbí jíǹsì fa irin."

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, Awolaagun ni yóò rí lójú, ní ìlú tí kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́ tó bí Awólọ́wọ̀, orúkọ ìdílé kan ni èèyàn máa kà á sí, wọ́n á máa béèrè bóyá òun ló ni ilé náà. Mo sọ fún ẹni tó ń kọ pátákó pé gbogbo àmì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ka àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní owó iṣẹ́ òun máa lé. Mo ní kó kọ ọ́, màá san án. Ọjọ́rú ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀la.