Moin, Ciao, Alright: kí la fi ń dáhùn?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Hamburg: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo. Àwa tí a kì í kọjá lára alátẹ ní Ọjà Ọba láìkí i kú ọjà, kú ìjókòó, ìkíni ibí yìí mà kúrú o! "Moin" ni ọ̀gá mi ń kí mi láàárọ̀, òun náà ló tún ń kí mi bílẹ̀ bá ṣú. Kí ni kí n máa fi dáhùn?

Àǹtí Òkè-Fìà, Bremen: "Moin" náà ni kó o dá padà, àbúrò mi. Kò mọ àárọ̀, kò mọ alẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé inú "moi" ló ti wá, ìyẹn "dáadáa" nínú èdè ìbílẹ̀ àríwá Jámánì. Má fà á gùn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti ń rojọ́ nìyẹn. Tó o bá dé Munich, "Servus" làwọn ọ̀rẹ́ fi ń kíra wọn. "Ẹrú" ni lédè Látìnì.

Bọ̀dá Ayétòrò, Padova ní Ítálì: Ẹrú náà ló wà nídìí "Ciao" tiwa níbí. Àwọn ará Venice ló máa ń wí fún ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún pé "s-ciavo vostro", ẹrú yín ni mí, bí ẹni dọ̀bálẹ̀. Lónìí, ó ti di ti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Ẹ má sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé ìgbélùú yín, tàbí ìyá àgbà tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí. "Buongiorno" ni, tó bá dìrọ̀lẹ́, "Buonasera".

Ìyá Ìbejì, Leeds ní England: Tọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá ní "Alright?", wọn ò béèrè ara yín o. "Alright" náà lẹ ó fi fèsì, kẹ́ ẹ máa lọ. Èyí tó ká mi lára jù ni "Sorry". Bí páálí bá bọ́ lu ẹsẹ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ ní "Sorry" bá a ṣe ń kíni pẹ̀lẹ́ nílé, á máa wò yín bóyá ẹ̀yin lẹ tì í. Ẹ ní "Are you OK?", kẹ́ ẹ bá a gbé páálí náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ka àánú wa sí ẹ̀bi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí mi ò bá gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí ńkọ́?

Àǹtí Òkè-Fìà: "Ẹ́n?" kò ṣàjèjì síbì kan. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí láti Nijmegen, ní Netherlands, fi hàn pé irú ohùn kúkúrú yẹn jọra nínú èdè 31. Àmọ́ bó ò ṣe lè ṣe "Ẹ́n?" sí bàbá rẹ, má ṣe "Hä?" sí ọ̀gá. "Wie bitte?" ni kó o wí.