Ọjọ́ kan péré la ní nínú gbọ̀ngàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, báwo la ṣe máa lò ó?

Agbéréjáde:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ orí ìtàgé. Ẹgbẹ́ eré kékeré ni wá, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wa. Eré wa tó ń bọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: òṣèré mẹ́fà, ìṣẹ́jú 80, alẹ́ mẹ́ta léraléra. Gbọ̀ngàn tí a háyà ń gba ènìyàn 70. Ìtàgé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 5, ó jìn tó mítà 4. Ibi tó ti takókó ni pé ẹgbẹ́ mìíràn ló ń lò ó títí di ọjọ́ tó ṣáájú tiwa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa, aago 9 àárọ̀ sí aago 10 alẹ́, láti kó ẹrù wọlé, to iná, dán ohùn wò, ká sì ṣe rìhásà tó kẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ni òǹwòran ń wọlé.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni iná halogen 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 500, LED 6 àti sípíkà 2. Nínú ìwé olùdarí wa, ìgbà 42 ni iná ń yí padà, ohùn wà níbi 18. A ní ògiri onípákó méjì àti ilẹ̀kùn kan. A fẹ́ èéfín níbì kan, a sì fẹ́ òkùnkùn biribiri níbì kan. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ tí ọjọ́ yẹn ò fi ní dà rú mọ́ wa lọ́wọ́?

Ẹ̀yìn_Aṣọ:

Ẹ kú ìmúra. Òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yòówù tó bá ṣeé ṣe níta gbọ̀ngàn, ẹ má gbé e wọ gbọ̀ngàn.

Ẹ kọ̀wé sí alábòójútó ibẹ̀ kí ẹ gba nǹkan mẹ́rin: àwòrán ilẹ̀ ìtàgé pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, àwòrán ibi tí iná kọ̀ọ̀kan rọ̀ sí, iye ìlà iná mànàmáná tó wà àti áńpù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé, àti òfin wọn lórí èéfín àti aṣọ ìkélé. Bí ìwọ̀n bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ fi téèpù fa ìtàgé náà sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣe rìhásà, bó ṣe tóbi gan-an. Ẹ fa ilẹ̀kùn sí i, kí ẹ sì fa ibi tó ń ṣí sí. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó bá ń ṣí sínú ìtàgé, ti jẹ sẹ̀ǹtímítà 80 nínú mítà 4 yín. Bí àga kan bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, inú rìhásà ló dáa kí ẹ ti mọ̀.

Ìyípadà iná 42 ti pọ̀ jù. Kíù (àṣẹ tó ń sọ ìgbà tí iná tàbí ohùn máa yí padà) ti iná àti ti ohùn máa bọ́ sójú kan náà níbòmíràn, nítorí náà ẹ ka ìdúró, ìyẹn ìgbà tí ẹ máa dá eré dúró láti dán kíù wò, sí bíi 50. Ìdúró kan kì í sábà dín ní ìṣẹ́jú 4: òṣèré á padà sí àyè rẹ̀, oníná á ṣàtúnṣe, ẹ á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. 50 lọ́nà 4 jẹ́ ìṣẹ́jú 200, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 20, bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Nǹkan á sì bàjẹ́. Ẹ gé ìyípadà iná sí 25, ìdúró á wá sí bíi 35, ìṣẹ́jú 140. Ibi tí olùdarí ní kí iná "rẹlẹ̀ díẹ̀" nítorí pé ẹnì kan ń ronú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gígé. Òǹwòran ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ.

Bí mo ṣe máa pín ọjọ́ náà nìyí. Aago 9 sí 10:30, iná nìkan, kí ilẹ̀ ṣófo fún àkàbà. Bí ògiri bá ti dìde, àkàbà ò ní dé abẹ́ iná mọ́, òun ló fà á tí iná fi ń ṣáájú. 10:30 sí 12, ẹ gbé ògiri àti ilẹ̀kùn ró, kí ẹ fi ẹrù wúwo tẹ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn. 12 sí 1:30, ẹ kọjú iná síbi tó yẹ. Ohùn, ìdajì wákàtí. 2 sí 5:30, ẹ gba eré kọjá láti kíù dé kíù: òṣèré á bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú kíù, ẹ á ṣe é, ẹ á fò sí èyí tó kàn. Ẹ má fò ibi tí wọ́n ti ń gbé nǹkan nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ àti ìsinmi. Aago 7, eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú aṣọ, láìdúró. Ó máa parí ní 8:20, ẹ á sì ní wákàtí kan àti díẹ̀ fún àtúnṣe.

Ohun tó ń jẹ àkókò yìí jù ni olùdarí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òṣèré ní eré láàárín kíù. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ṣáájú pé kò sí àtúnṣe eré lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pe kíù. Ní bí ìdajì ojú ewé ṣáájú, á ní "ẹ múra, iná 14". Tó bá tó àkókò, "iná 14, gòó". Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ bọ́tìnì ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ẹ má lo "lọ", ẹ má lo "ó yá", torí méjèèjì wà lẹ́nu wa tàárọ̀ tàṣálẹ́. Ẹnì kan á sọ pé "ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ", iná á sì kú lórí òṣèré. Ẹ lo nọ́ńbà fún iná, kí ẹ lo A, B, C fún ohùn, kí àwọn méjèèjì má bàa dàpọ̀ létí.

Oníná_Òkè:

Ẹ ṣírò kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Iná 12 lọ́nà 500 jẹ́ wáàtì 6,000. Lórí fólítì 230, áńpù 26 nìyẹn. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́fà-mẹ́fà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpù 13 méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kún dé ẹnu, fíùsì á máa gbóná. Ẹ má kọjá ìdá 80 nínú 100 ohun tí ìlà lè gbé. Mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìlà mẹ́ta ló dáa, áńpù 8.7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iná bá jẹ́ fólítì 120, mẹ́rin ti di áńpù 16.7, nítorí náà mẹ́ta ni kí ẹ fi sórí ìlà áńpù 20. Kí ẹ sì dájú pé ìlà mẹ́ta ni lóòótọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lára ògiri kan lè jẹ́ ìlà kan náà. Ẹ ní kí alábòójútó pa bíréékà kan, kí ẹ wo èyí tó kú.

Áyọ́ọ̀nù tí aláṣọ ń lò lẹ́yìn ìtàgé ló sábà máa ń já bíréékà, kì í ṣe iná ìtàgé. Ó lè fa wáàtì 2,000. Ó ń gbóná, ó ń sinmi, ó tún ń gbóná, ìdí nìyẹn tí bíréékà fi ń dúró di àárín eré kó tó já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ èéfín. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní ìlà tiwọn.

LED ò gbọdọ̀ gba iná láti ara dímà, ẹ̀rọ tó ń mú agbára iná rẹlẹ̀ tàbí gbé e sókè. Á máa ṣẹ́jú, inú rẹ̀ sì lè jó. Iná tààrà ni kí ẹ fún un, kí wáyà DMX, èyí tó ń gbé àṣẹ wá láti orí ẹ̀rọ ìdarí iná, máa darí rẹ̀. Wáyà DMX ń gba ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ẹ má pín in sí ẹ̀ka. Lára LED tó kẹ́yìn, ẹ fi tẹminétọ̀ ohm 120 (ohun kékeré tó ń dí òpin wáyà kí àṣẹ má bàa ta padà) dí ẹnu rẹ̀. Wáyà máíkì jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n òun ló sábà ń fa kí iná máa gbọ̀n láìnídìí. Bí LED kọ̀ọ̀kan bá ń lo ṣánẹ́ẹ̀lì (ọ̀nà àṣẹ) 7, àdírẹ́sì wọn, ìyẹn nọ́ńbà ṣánẹ́ẹ̀lì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ 1, 8, 15, 22, 29 àti 36, dímà 12 á wá bẹ̀rẹ̀ láti 43 títí dé 54. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara iná kọ̀ọ̀kan. Bí méjì bá ń ṣe ohun kan náà nígbà tí ọ̀kan lẹ pè, àdírẹ́sì wọn ló pa pọ̀.

Ní ti ojú ìtàgé, ẹ pín mítà 5 sí 4 yẹn sí ojú mẹ́fà: mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Halogen méjì fún ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti apá òsì, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, kí wọ́n máa bọ̀ láti òkè ní bíi dígírì 45. Bí iná bá ga jù, ojú òṣèré á di ihò dúdú. Bó bá rẹlẹ̀ jù, òjìji rẹ̀ á gun ògiri yín. 12 ti tán nìyẹn. LED 6 á wà lẹ́yìn àti lókè fún àwọ̀. Bí ẹ bá ń kọjú iná, ẹni tó ga tó òṣèré ni kó dúró níbẹ̀, kó sọ bí àárín iná ṣe ń gún un lójú. Àwọn ojú mẹ́fà náà gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn díẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀, òṣèré tó bá ń rìn á máa wọ òkùnkùn á máa jáde.

Ohun kan tí wọ́n sábà ń gbàgbé: halogen ń di pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe ń rẹlẹ̀, LED kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì fò lójijì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kú. Tí iná bá ní láti kú díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí LED ṣáájú, kí halogen kẹ́yìn.

Okùn irin ààbò gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo iná tó rọ̀ lókè. Ẹ má fọwọ́ lásán kan gílóòbù halogen, òróró ọwọ́ á mú kí ojú kan gbóná ju ìyókù lọ, á fọ́.

Etí_Ilé:

Ohùn ò ní gba àkókò tó pọ̀ bí ẹ bá ti múra ẹ̀ nílé. Ẹ to 18 yẹn tẹ̀léra nínú ètò kan ṣoṣo, kí ẹ mú gbogbo wọn wá sí ìwọ̀n ariwo kan náà. Ẹ ti íntánẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ìkìlọ̀ pa lórí kọ̀ǹpútà náà. Tí ẹ bá so ó mọ́ sípíkà tó ń kùn hùùù, ẹ yọ ṣájà wò. Bí ìkùn bá dákẹ́, iná ló ń yípo gba wáyà ilẹ̀ (earth), àpótí DI (àpótí kékeré tó ń wà láàárín kọ̀ǹpútà àti sípíkà) tó ní bọ́tìnì tó ń já ilẹ̀ á tán an. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ lára pílọ́ọ̀gì o, ìyẹn lè pa ènìyàn.

Gbọ̀ngàn tó ṣófo máa ń dún ju èyí tí èrò kún lọ. Ibi tí ohùn bá ti tẹ́ yín lọ́rùn lọ́jọ́ rìhásà, ẹ fi díẹ̀ lé e. Èrò 70 ò sì nílò máíkì lára òṣèré.

Agbéréjáde:

Ẹ ṣeun gidi, ẹ̀yin ọ̀gá. Alábòójútó ti fèsì: ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín wà lókè ìtàgé. Ṣé ká pa èéfín rẹ́ nínú eré ni? Òkùnkùn ńkọ́?

Ẹ̀yìn_Aṣọ:

Ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo afẹ́fẹ́ ò mọ̀yàtọ̀ èéfín yín sí ti iná tó ń jó, á ké. Èyí tó ń gbọ́ ooru nìkan ò ní dá yín lóhùn. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, àwọn onígbọ̀ngàn nìkan ló lè pa á fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbà á ní kíkọ, kí ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn sì máa ṣọ́ bóyá nǹkan ń jó títí wọn á fi tan ẹ̀rọ náà padà. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó o. Bí wọn ò bá gbà, ẹ yọ èéfín lónìí, kí olùdarí lè rí nǹkan mìíràn fi dípò.

Òkùnkùn biribiri ò sí nínú gbọ̀ngàn tí òǹwòran wà, torí iná ọ̀nà àbájáde kì í kú. Ẹ lẹ téèpù tó ń tàn lókùnkùn, ègé tó tó èékánná, sí etí ìtàgé, ẹsẹ̀ ògiri àti igun àga. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mu kó tó lè tàn, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ ti wà lórí rẹ̀ ṣáájú. Kí ẹni tó máa gbé àga nínú òkùnkùn jẹ́ ẹni tó ti wà lẹ́yìn aṣọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ iná ò ríran.

Olójú_Ìwé:

Mi ò fara mọ́ 2 sí 5:30 yẹn pátápátá. Ó kéré bí ẹ bá wọlé láìtíì jókòó pọ̀. Lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí olùdarí, oníná, ẹni ohùn àti ẹni tó ń pe kíù jókòó yí tábìlì ká láìsí òṣèré, kí wọ́n ka ìwé eré láti ojú ewé kìíní, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ kíù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an tó ń jáde lé, àti ìṣẹ́jú-àáyá tó máa fi yí padà. Pẹ́ńsù o, kì í ṣe báírò. Bí ẹ̀rọ iná gbọ̀ngàn bá ní ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí oníná ti tẹ kíù 25 yẹn sínú rẹ̀ nílé.

Oníná_Òkè:

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé agbára iná tó tẹ̀ nílé ò ní jẹ́ òótọ́ nínú gbọ̀ngàn. Kó tẹ ètò àti àkókò, kó fi agbára sí ìdá 70 nínú 100 fún gbogbo rẹ̀, kó wá máa gbé e sókè sódò níbẹ̀.

Olójú_Ẹnu_Ọ̀nà:

Ẹ má ta tíkẹ́ẹ̀tì 70. Bí ògiri bá ti dìde, ẹ jókòó sórí gbogbo àga etí méjèèjì, èyí tí kò bá rí ilẹ̀kùn orí ìtàgé, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi méjì mìíràn pamọ́ fún àṣìṣe. Ẹ tẹ orúkọ àwọn tó ti sanwó sórí ìwé, ẹ má gbára lé fóònù lẹ́nu ọ̀nà. Kí olùdarí yan ibi méjì nínú eré tí ẹni tó pẹ́ dé lè wọlé.

Àti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé: bí òǹkọ̀wé eré bá tiẹ̀ ti kú tipẹ́, bíi Chekhov ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1904, ìtumọ̀ tí ẹ ń lò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Orin tó wà nínú ohùn 18 yẹn náà, ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ rẹ̀.

Agbéréjáde:

Ìyípadà iná ti wá sí 27, olùdarí ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín ti kúrò. Alẹ́ tó kẹ́yìn ńkọ́, wákàtí mélòó la nílò láti palẹ̀ mọ́?

Ẹ̀yìn_Aṣọ:

Wákàtí kan àti ààbọ̀ tó fún ènìyàn mẹ́fà, bí ẹ bá ti pín iṣẹ́ ṣáájú. Aṣọ àti ẹrù ọwọ́ kọ́kọ́ jáde, ògiri tẹ̀lé e, kí ilẹ̀ lè ṣófo fún àkàbà. Ẹ jẹ́ kí halogen tutù dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fa téèpù ilẹ̀ kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà, díẹ̀díẹ̀, ní ìdúbúlẹ̀. Èyí tó bá sùn síbẹ̀ á fi lẹ́ẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, inú owó ìdúró yín ni wọ́n á ti yọ ọ́.