Báwo ni kí n ṣe ka iye àpilẹ̀kọ ìwádìí FUTA?

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ jọ̀wọ́, mo ń ṣe àkójọ àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ (FUTA) ti tẹ̀ jáde láti ọdún 1981 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Iye tí Scopus (àkójọ àpilẹ̀kọ ìwádìí lórí ayélujára) ń fúnni kò bá ti Google Scholar (ẹ̀rọ tí Google fi ń wá ìwé ìmọ̀) mu, nítorí pé Scopus máa ń ṣa ìwé tí yóò gbà, ṣùgbọ́n Google Scholar ń kó ìwé oyè pàápàá mọ́ ọn. Àwọn òǹkọ̀wé kan tún ń kọ FUTA lásán dípò orúkọ yunifásítì náà ní kíkún, èyí tí ó ń tú àkójọ náà ká. Bí òǹkọ̀wé mẹ́ta láti yunifásítì mẹ́ta bá jọ kọ àpilẹ̀kọ kan, ṣé odindi ni kí n kà fún Àkúrẹ́ ni, àbí ìdá kan nínú mẹ́ta? Ìdá yìí ni ó tọ́ lójú tèmi. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?