Ọ̀rọ̀ Jethro Tull: mo ti lọ, mo ti dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rántí pé mo bi yín níjọ́sí bóyá kí n fowó táyà mọ́tò ra tíkẹ́ẹ̀tì eré Jethro Tull, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London, tí ọ̀pọ̀ yín ní orí mi ti dàrú. Mo rà á o, mo sì ti padà sí Mọ́kọ́lá, táyà ṣì wà bó ṣe wà.

Háà! Bàbá Ian Anderson, olórí ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n bí ní 1947, ó ń fọn fèrè lọ jẹ́jẹ́, àfi bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sókè bíi lékeléke, gbogbo họ́ọ̀lù bá pariwo, èmi náà pariwo títí ohùn fi há, Tom Tom mẹ́ta tí mo kó láti Ìbàdàn ò rí nǹkan ṣe sí i. Wọ́n wá mú díẹ̀ nínú àwo 1972 wọn, Thick as a Brick, orin kan ṣoṣo tó kún ojú méjèèjì, ibẹ̀ lomi ti bọ́ lójú mi, torí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi máa ń lù nílé, tó bá ti há, a ó fi báírò yí i padà.

Ẹni tó ní ariwo lásán ni orin wọn, mo ti dárí jì ẹ́. Táyà dóṣù tó ń bọ̀. Ó tán o.