Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe asístáǹtì speech therapist nílé ìwé, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Asístáǹtì speech therapist lèmi náà, à ń ran àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí wù mí gan-an, àmọ́ ilé ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ìyẹn speech therapist fúnra ẹ̀, ti pọ̀ jù, torí ẹ̀ kì í sábà sí nítòsí. Òun ló ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ọmọ tó sì ń kọ ètò sílẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn ṣe é, mo tún ń sàmì síye ìgbà tí wọ́n pe ọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọ kan wà báyìí, tá a bá jókòó ti káàdì alàwòrán, "s" ẹ̀ á dún ketekete, ṣùgbọ́n kó ṣáà ti dé kíláàsì kó máa bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ó parí, ahọ́n ti yọ síta láàárín eyín. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń mọ́ wọn lẹ́nu? Tíṣà ẹ̀ náà ń bi mí ṣáá pé kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá mi ló yẹ kó sọ ọ́ (ìyẹn tó bá gbé fóònù). Kí lẹ máa ń sọ tí ò ní dà bí ìgbéraga? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.