Yanrìn, amọ̀ tàbí sílíkóònù: kí la fi ń ṣe àpẹẹrẹ òkúta Èkìtì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa yanrìn tàbí sílíkóònù nínú àpótí onígíláàsì, láti fi ṣe àpẹẹrẹ bí òkúta ṣe ń ká tàbí bó ṣe ń là. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ara yín léèrè: ibo ni òkúta yẹn wà nígbà tó yí padà? Àwọn gneiss Èkìtì (òkúta onílà-ìlà) tó lọ́ po bí aṣọ tí a fún, abẹ́ ilẹ̀ jíjìn, nínú ooru, ni wọ́n ti ká. Yanrìn ò lè ṣe àpẹẹrẹ ìyẹn, lílà ló ń là. Sílíkóònù tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ ló bá a mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi tí quartzite (òkúta líle tó ti jẹ́ yanrìn rí) ti là, tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì ń gbà jáde, yanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ mú.

Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ti la ìṣirò bí a ṣe ń sọ òkúta ńlá di àpẹẹrẹ kékeré sílẹ̀ láti 1937. Bí sẹ̀ǹtímítà 1 bá dúró fún kìlómítà 1, tí ìwúwo yanrìn jẹ́ 1.6, ti òkúta 2.7 (ti omi jẹ́ 1), agbára 20 MPa (mílíọ̀nù 20 Pa, ìwọ̀n agbára) tó so òkúta pọ̀ gbọ́dọ̀ já sí nǹkan bí 120 Pa nínú àpótí. Yanrìn gbígbẹ kò jìnnà síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì le jù ú lọ fíìfíì.

—

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ yanrìn odò wa ní máíkà, ewé pẹlẹbẹ tó ń dán wìnrìnwìnrìn, tó ń jẹ́ kí hóró yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, kí ẹ sì tètè da omi náà nù. Máíkà á bá a lọ. Ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Ẹ gbẹ ẹ́ ní 105°C fún wákàtí 24, kí ẹ sì fi asẹ́ mú hóró mílímítà 0.1 sí 0.4.

Ẹ má fi abọ́ dà á sínú àpótí. Láti inú asẹ́ ni kó ti máa rọ̀ sílẹ̀, ní gíga kan náà, bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Èyí tí a dà gbàrà kì í ki. Ibi tó bá là á fẹ̀, kò ní já geere. Lásìkò òjò, ẹ fún un mọ́wọ́: bó bá dì, ẹ dá a padà sínú ààrò.

Amọ̀ Ìsàn dára fún ìkòkò. Fún èyí, ojú rẹ̀ á gbẹ, á sì sán kí ẹ tó fà á.

—

Ìwúwo sílíkóònù ò ju 0.97 lọ. Bó bá wà lábẹ́ yanrìn, á fẹ́ ru gòkè fúnra rẹ̀. Ẹ po ìyẹ̀fun barite, òkúta tó wúwo, mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Ẹ má sì fà á kíákíá, torí bí eré bá ṣe pọ̀ sí ló ń le sí.

Bí ẹ bá fà á tán, tí ẹ fẹ́ gé e láti wo inú rẹ̀, ẹ bu omi sí ẹ̀gbẹ́ yanrìn díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi rin, kí abẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ka sẹ̀ǹtímítà 5 tó kan gíláàsì sí: gíláàsì ló fa bí ìlà ṣe tẹ̀ níbẹ̀.